Abẹ́rẹ́ Méjì, Òwú Kan: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Nítìn

Ọyẹ́ ń súnmọ́lé, lẹ́tà sì ń ya wọlé láti Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ. Gbogbo òwú nítìn là ń pè ní wúùlù ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù lọ́jà kò mọ àgùntàn rí: ákírílíìkì ni, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ní ilé iṣẹ́. Nínú ojú ìwé yìí, wúùlù ni èyí tó ti ara àgùntàn wá nìkan. "Ojú" ni òrùka kọ̀ọ̀kan tó wà lórí abẹ́rẹ́. "Ìlà" ni ìrìn kan láti etí kan dé etí kejì. Pílénì àti pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní sùkúù, a ò yí orúkọ wọn padà. Pọ́ọ̀lù ni òdìkejì pílénì: òwú á wà níwájú, abẹ́rẹ́ á sì wọ inú ojú láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, mi ò sì tíì mú abẹ́rẹ́ nítìn dání rí. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi mọ́fúlà ọrùn bẹ̀rẹ̀ torí pé òun ló rọrùn jù. Ṣé lóòótọ́ ni? (Ìyá àgbà, Kúbwà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi o, ìyá wa. Àwọn ọmọ ò purọ́, mọ́fúlà ò le láti hun, gígùn rẹ̀ ni wàhálà. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, tó sì gùn tó 150, á jẹ òwú bíi 200 sí 250 gíráàmù. Á ti sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó tó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti yí padà lójú ọ̀nà: ìbẹ̀rẹ̀ á le gan-an, ìparí á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ọrùn yín ni gbogbo ayé á ti máa wò ó. Aṣọ ìnujú onígun mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe bá kún inú rẹ̀, á ṣì nu ojú.

Ẹ ra òwú kọ́tìn 50 gíráàmù àti abẹ́rẹ́ mìlímítà 4, oní-igi tàbí ti ọparun. Kọ́tìn, torí pé ó ń mu omi. Ákírílíìkì kì í mu ún, ńṣe ló kàn máa ń ti omi kiri lójú ẹni. Abẹ́rẹ́ igi, torí pé ti irin ń yọ̀, ojú á sì máa bọ́ lórí rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ mú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Dúdú àti búlúù tó ki kì í jẹ́ kí olùkọ́bẹ̀rẹ̀ rí ohun tó ń hun, àgàgà lálẹ́ tí iná bá lọ.

Ẹ ta kókó tó ṣeé fà sún sórí abẹ́rẹ́ kan. Ojú kìíní nìyẹn. Ẹ fi òwú yí àtàǹpàkò òsì ká, ẹ ti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ òwú náà, ẹ yọ àtàǹpàkò kúrò, ẹ rọra fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú mẹ́rin á fi wà lórí abẹ́rẹ́. Èyí là ń pè ní kíkó ojú. Ìlà àkọ́kọ́, pílénì mẹ́rin. Ìrìn mẹ́rin ni pílénì kan ní: abẹ́rẹ́ ọ̀tún á wọ inú ojú láti iwájú lọ sẹ́yìn, òwú á yí i ká, abẹ́rẹ́ á fa òwú yẹn gba inú ojú yọ síwájú, ojú àtijọ́ á sì bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Ẹ máa pè é lẹ́nu bí ẹ ṣe ń ṣe é: wọlé, yí ká, fà yọ, jù sílẹ̀. Tó bá fi máa di ìlà kẹwàá, ẹnu á ti dákẹ́, ọwọ́ á máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Láti ìlà kejì lọ, ẹ hun pílénì méjì, ẹ mú òwú gba àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì wá síwájú, kí ẹ sì máa hun pílénì lọ dé òpin. Òwú tó gun orí abẹ́rẹ́ kọjá yẹn á di ojú tuntun, á sì fi ihò kékeré sílẹ̀ létí aṣọ. Ẹ má bẹ̀rù ihò náà, ọ̀ṣọ́ ni. Gbogbo ìlà ni ẹ ó hun bẹ́ẹ̀, ojú kan á máa kún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi ka 44. Nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: pílénì kan, ẹ hun ojú méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, ẹ mú òwú wá síwájú, ẹ tún hun méjì pọ̀, kí ẹ wá hun pílénì dé òpin. Ọ̀kan á máa dín títí á fi ku mẹ́rin.

Láti pa á dé, ẹ hun méjì, ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ òsì gbé èyí tó kọ́kọ́ wà fo orí èkejì kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ hun ọ̀kan sí i, ẹ tún gbé ti ìṣáájú fò ó, títí á fi ku ẹyọ kan. Ẹ gé òwú kó ku sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fà á gba inú ojú tó kù. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó tóbi ni kí ẹ fi ti ìrù òwú náà wọ inú aṣọ, ẹ lọ síwájú, kí ẹ sì padà sẹ́yìn kí ẹ tó gé e. Àwọn kan máa ń ta kókó kí wọ́n sì gé e mọ́ ìdí. Kókó yẹn á ha ojú ọmọ, á sì tún padà tú.

Aṣọ náà á tó sẹ̀ǹtímítà 17 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òwú á sì ṣẹ́kù. Tó bá le bí páálí, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lẹ ti ń hun. Ara abẹ́rẹ́, níbi tó ti nípọn, ni ojú ti ń gba ìwọ̀n rẹ̀; ẹ máa ti ojú kọ̀ọ̀kan wọlé dé ibẹ̀ kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Bí oríkèé ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ má hun ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó sinmi.

Ìbéèrè: Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8 ni ìwé sọ pé kí n lò. Mo ra nọ́ńbà 8 ní Wúsè, fìlà náà sì kéré débi pé bèbí ìṣeré ọmọ mi ló ń dé e báyìí. Àbí ọwọ́ mi ló le jù? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Gárkì)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yín má jẹ̀bi. Nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 5. Nọ́ńbà 8 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 4 péré, abẹ́rẹ́ méjèèjì sì lè wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà lọ́jà. Èyí tó ń da orí ẹni rú ni pé ti Gẹ̀ẹ́sì ń tín-ín-rín bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i (6 jẹ́ mìlímítà 5, 10 jẹ́ 3.25), ti Amẹ́ríkà sì ń nípọn. Mìlímítà nìkan ni kí ẹ máa bá ọlọ́jà sọ.

Ẹ ò rí abẹ́rẹ́ rà rárá? Igi tí wọ́n fi ń gún súyà lè ṣiṣẹ́, èyí tó mọ́, tí wọn ò tíì lò. Ẹ to mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n fara kan ara, ẹ fi rúlà wọn fífẹ̀ gbogbo wọn: tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, mìlímítà 3 ni ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ yan méjì tó tọ́ jù, ẹ fi sáńpépà tó kúnná ra wọ́n títí òwú ò fi ní há mọ́ wọn, ẹ gbẹ́ ṣóńṣó kan kó rí roboto díẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà di ìdí kejì kí ojú má bàa yọ́ jáde. Sípókù kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ sùkúù máa ń lò ò ju mìlímítà 2 lọ. Ìbọ̀sẹ̀ ló wúlò fún, ẹni tó bá fi hun mọ́fúlà ti gbé iṣẹ́ ọdún kan lé ara rẹ̀ lórí.

Ìbéèrè: Ojú 30 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi hun bí ìka ọwọ́ kan, ó ti di 41, aṣọ náà sì ń fẹ̀ lọ sókè bí àdó. Níbo ni wọ́n ń gbà wọlé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Sàmárù, Sáríà)

Ìdáhùn: Etí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé. Tí ẹ bá yí iṣẹ́ padà láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, tí òwú sì gba orí abẹ́rẹ́ kọjá sẹ́yìn, ó máa ń fa ojú àkọ́kọ́ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì yọ síta bí ẹni pé ojú méjì ni. Ẹ ó hun méjèèjì, ọ̀kan ti wọlé nìyẹn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa òwú wálẹ̀ sí iwájú kí ojú àkọ́kọ́ lè jókòó bó ṣe yẹ, ẹ wá gba abẹ́ abẹ́rẹ́ mú un lọ sẹ́yìn.

Bí ihò bá wà láàárín aṣọ, òwú ló wà níwájú nígbà tí ẹ ń hun pílénì, ohun kan náà tí a ní kí ìyá wa ti Kúbwà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lókè. Bí kò bá sí ihò, tí ibì kan kàn nípọn, abẹ́rẹ́ yín ló la ara òwú sí méjì, tí ẹ sì hun ìdajì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Òwú tí wọn ò lọ́ dáadáa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, abẹ́rẹ́ tó mú jù sì máa ń dá kún un.

Ẹ máa ka ojú ní òpin ìlà méjì-méjì. Tí ojú àlejò bá wà ní ìlà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, ẹ jẹ́ kó bọ́ lórí abẹ́rẹ́ tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òwú tó tú sílẹ̀ á pín ara rẹ̀ fún àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Mọ́kànlá ti pọ̀ ju èyí tó ṣeé fi ọgbọ́n bò mọ́lẹ̀. Ẹ tú u.

Ìbéèrè: Mo hun mọ́fúlà, pílénì ní ìlà kan, pọ́ọ̀lù ní ìkejì. Ó dán, ó wù mí, àmọ́ ó ń ká bí ẹní. Ṣé kí n lọ̀ ọ́? (Ìyàwó ilé, Nyanya)

Ìdáhùn: Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù jìnnà sí i! Bí ákírílíìkì bá rí irin gbígbóná báyìí, ńṣe ló ń kú: á rọ̀ bẹ̀ọ̀, á máa dán bí ọ̀rá, kò sì ní lè fà kó tún sún padà mọ́ láyé. Kíká náà kì í ṣe ẹ̀bi yín. Iwájú pílénì àti ẹ̀yìn pọ́ọ̀lù kì í fà bákan náà, torí náà etí ẹ̀gbẹ́ á ká sẹ́yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ á ká síwájú. Kò sí bí ẹ ṣe máa hun ún tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún èyí tó ti parí, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní òró, ẹ rán etí méjèèjì pọ̀ kó di ihò gbọọrọ. Ó di aláwẹ́ méjì nìyẹn, yóò móoru ju ti àtijọ́ lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ojú márùn-ún ní etí kọ̀ọ̀kan ṣe pílénì ní gbogbo ìlà, kí ẹ sì fi ìlà mẹ́fà tó jẹ́ pílénì nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi mẹ́fà parí. Tàbí kí ẹ hun pílénì ní gbogbo ìlà látòkè délẹ̀. Òun kì í ká rárá.

Ìbéèrè: Ẹ má bínú sí mi o. Súwẹ́tà gwánjò, ìyẹn àlòkù, wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ wá ń kọ́ àwọn èèyàn láti fi ọ̀sẹ̀ méjì hun ẹyọ kan. Kí ni èrè ibẹ̀? (Ẹni tí kò tíì gbà, Gwarinpa)

Ìdáhùn: Kò sí ìdí fún ìbínú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé nítìn ń dín owó kù ń tàn yín ni. Òwú súwẹ́tà kan lè wọ́n ju súwẹ́tà gwánjò mẹ́ta lọ, a ò tíì ka àkókò ẹni.

Àmọ́ ti ọjà kì í bá ọwọ́ tó gùn mu, kì í sì í bá ọmọ tí orí rẹ̀ tóbi mu. Èyí tí ẹ bá fúnra yín hun, téèpù lẹ fi wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Òmíràn tún wà: pílénì ò nílò iná. Bí iná bá lọ lágogo méjọ alẹ́, ẹni tó ń rán aṣọ á pa máṣíìnì tì, ẹni tó ń kàwé á pa ìwé dé. Ẹni tó ń hun pílénì lè máa bá tirẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, torí ìka ló ń ríran níbẹ̀. Bí ẹ bá sì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Nyanya wọ àárín ìlú, tí ẹlòmíràn ń wa ọkọ̀, aṣọ ìnujú kan lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹn náà ò bá wù yín, ẹ ra gwánjò, ìbéèrè tó kàn á wúlò fún yín.

Ìbéèrè: Mo rí àwọn súwẹ́tà gwánjò tí wúùlù wọn dára ju ti ọlọ́jà lọ. Ṣé èèyàn lè tú u, kó sì fi hun nǹkan mìíràn? (Oníṣòwò, Kàdúná)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa, òwú tó dára jù lọ tí owó kékeré lè rà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń yan án pẹ̀lú àwọ̀. Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ yí súwẹ́tà náà sódì, ẹ wo ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀, tí òwú tín-ín-rín púpọ̀ wá lọ́ mọ́ ọn láti dì í, ẹ dá a padà: wọ́n gé aṣọ náà bí ìgbà tí télọ̀ gé áńkárá, gbogbo ìlà ló ti já létí, ègé kúkúrú-kúkúrú ni ẹ ó máa tú jáde. Bí etí bá dọ́gba, tí òwú ẹyọ kan ṣoṣo sì so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n, òun ni kí ẹ rà. Ẹ tún fà á wò. Wúùlù tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀, tó ti di bíi búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò rí ojú rẹ̀ mọ́, ti so mọ́ ara rẹ̀ pátápátá, kò ní tú.

Láti mọ irú òwú tó jẹ́, ẹ gé ìwọ̀n ìka kan, ẹ fi irin dì í mú lókè àwo tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Wúùlù á rùn bí irun tó jó, iná rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á sì rún tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kọ́tìn á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Ákírílíìkì á yọ́, á kán, á sì fi kókó líle sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan kókó náà kó tó tutù.

Ẹ tú ojú ìránṣọ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ: ọwọ́ méjèèjì lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ní ọrùn tàbí èjìká, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń parí sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ á fà á títí kò ní tú, á wá rò pé òwú ló burú. Bí ẹ ṣe ń tú u, ẹ máa ká a mọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹ fi òwú mìíràn dì í ní ibi mẹ́rin láìfún un pọ̀, kí ẹ tó bọ́ ọ kúrò lórí àga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa lọ́ bí irun tí wọn ò yà.

Òwú náà á rí wúruwùru bíi índómì. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má gbo ó, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ fún omi rẹ̀ jáde nínú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e kọ́ síbi ibòji, kí ẹ sì so nǹkan tí kò wúwo púpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí agolo mílíìkì tó ṣófo. Tó bá jẹ́ nígbà ọyẹ́, kò ní pẹ́ gbẹ, àmọ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku. Wúùlù á nà tọ́ọ́rọ́. Ákírílíìkì kì í nà tán, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Bí òwú bá tín-ín-rín jù, ẹ pa méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ẹ hun wọ́n bí ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ìyàwó ọmọ mi máa bímọ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Dìsẹ́ńbà. Mo fẹ́ hun fìlà fún ìkókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ tán pátá, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. (Ìyá ọkọ, Lókòja)

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú lọ́nà o, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Jọ́ọ̀sì ga ju 1,200 mítà lọ sí òkun, òtútù Dìsẹ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti Lókòja, fìlà á wúlò gan-an.

Orí ìkókó tí oṣù rẹ̀ pé máa ń tó bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Fìlà gbọ́dọ̀ kéré sí orí díẹ̀ kó lè dì í mú, torí náà 33 là ń wá. Ẹ ra òwú tó rọ̀, èyí tí bébà ara rẹ̀ sọ pé ojú 22 ló ń fún ni ní sẹ̀ǹtímítà 10 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìlímítà 4. 50 gíráàmù á tó, á sì ṣẹ́kù.

Ẹ má gba bébà náà gbọ́ láìdán an wò. Ẹ kó ojú 32, ẹ hun pílénì ìlà kan, pọ́ọ̀lù ìlà kan, títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín, ẹ má ka etí mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 20, fìlà yín á fẹ̀ tó 36, á máa bo ìkókó lójú. Ẹ lo abẹ́rẹ́ 3.75 tàbí 3.5. Bó bá jẹ́ 24, á di 30, á fún un lórí. Ẹ lọ sí 4.5. Ọ̀pọ̀ ìyá ń fo ibí yìí nítorí ìkánjú, ìkánjú náà ló ń bí fìlà bèbí tó wà ní Gárkì lókè yẹn.

Ẹ kó ojú 74. Abẹ́rẹ́ méjì ni kí ẹ pa pọ̀ fi kó wọn, kí ẹ wá fa ọ̀kan yọ, kí ẹnu fìlà má bàa le. Ríìbù, ìyẹn ẹnu fìlà tó ń fà, ló kàn: pílénì 2, lẹ́yìn náà (pọ́ọ̀lù 2, pílénì 2) títí dé òpin. Ẹ yí i padà: pọ́ọ̀lù 2, lẹ́yìn náà (pílénì 2, pọ́ọ̀lù 2) dé òpin. Ẹ máa tún méjèèjì ṣe títí á fi di sẹ̀ǹtímítà 3. Láti ibẹ̀, pílénì ìlà kan, pọ́ọ̀lù ìlà kan, títí gbogbo gíga rẹ̀ á fi jẹ́ 10, kí ẹ sì fi ìlà pọ́ọ̀lù parí.

Orí rẹ̀ wá kù. Pílénì 1, (pílénì 7, hun méjì pọ̀) lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, pílénì 1. Ó ku 66. Ẹ fi pọ́ọ̀lù padà. Ní ìlà pílénì tó tẹ̀ lé e, 7 inú àkámọ́ di 6, ó ku 58. Ẹ máa bá a lọ, ìlà pọ́ọ̀lù kan láàárín wọn nígbà gbogbo: 5, 4, 3, 2, 1. Iye ojú á máa jẹ́ 50, 42, 34, 26, 18. Ẹ máa kà á; bí iye kan bá yàtọ̀, àṣìṣe wà ní ìlà yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó lọ síwájú. Lẹ́yìn 18, ẹ fi pọ́ọ̀lù padà, ẹ wá hun pílénì 1, méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, pílénì 1. Mẹ́wàá ló kù. Ẹ gé òwú kó ku sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fà á gba inú ojú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ fún un pọ̀ dáadáa, ẹ fi ìyókù rán ẹ̀gbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú kan ní etí kọ̀ọ̀kan ló máa wọ inú ìránṣọ, ìdí nìyẹn tí a fi kó 74 dípò 72.

Kí ẹ má so okùn mọ́ ọn, kí ẹ má rán bọ́tìnì mọ́ ọn, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Okùn lè lọ́ mọ́ ọrùn, bọ́tìnì lè bọ́ sí ẹnu. Bí ọmọ bá ń sùn nínú ilé, kí wọ́n bọ́ fìlà náà, torí orí ni ìkókó fi ń tú ooru sílẹ̀, fìlà tó bá sì yọ́ wálẹ̀ lè bo imú. Tí ẹ bá padà hun ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ yí i sódì kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un: òwú tó já sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè lọ́ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó fún un pa, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tó ń pa ọmọ lẹ́kún.

Ìbéèrè: Mo ti hun aṣọ ọmọ ọwọ́ mẹ́fà sílẹ̀ de ọmọ ọmọ mi. Ṣé káńfọ̀ mélòó ni kí n kó sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́? (Ìyá olóore, Sábó, Kánò)

Ìdáhùn: Ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, mọ̀mọ́. Bí ẹ bá ti kó o sí i, ẹ kó o jáde lónìí. Naftalínì ni ọ̀pọ̀ káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa ní Nàìjíríà. Òórùn káńfọ̀ ara aṣọ nìkan tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà pọ́njú á sì dé. Tó bá pọ̀ lápọ̀jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ojú ọmọ tó bá pọ́n, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í sì í ṣe omi gúlúkóòsì.

Kòkòrò aṣọ náà kì í tilẹ̀ jẹ ákírílíìkì tàbí kọ́tìn tó mọ́. Irun ẹran ló ń jẹ, ìyẹn wúùlù. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí. Èyí tó bá ti gbóòórùn káńfọ̀, ẹ má fi wọ ìkókó.

Ìbéèrè: Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin ni? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. (Agùnbánirọ̀, Mínnà)

Ìdáhùn: Ẹ ní kí wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n lọ wo ẹni tó jókòó sídìí òfì.

Ìbéèrè: Ojú kan bọ́ lórí abẹ́rẹ́ mi, ó sì ti já wálẹ̀ tó ìlà márùn-ún, ó rí bí àkàbà. Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀? (Olùkọ́, Bárnawa, Kàdúná)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ fi píìnì gún ojú náà mú kó má lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ẹ wá píìnì kroṣé tó kéré. Kí ẹ̀gbẹ́ pílénì kọjú sí yín. Ẹ ti ìkọ́ rẹ̀ bọ inú ojú tó bọ́ náà láti iwájú, ẹ fi kọ́ ọ̀pá àkàbà àkọ́kọ́, ẹ fà á gba inú ojú yọ síwájú. Ó ti gun ìlà kan nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀pá kan lẹ́yìn òmíràn láìfo ìkankan, kí ẹ sì dá a padà sórí abẹ́rẹ́ láìlọ́ ọ. Ibẹ̀ á fún díẹ̀. Tí ẹ bá fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní hàn mọ́.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù láàárín ìlà, mi ò kì í mọ apá ibi tí mo ń lọ mọ́ tí mo bá padà dé. (Ìyá ìbejì, Kárù)

Ìdáhùn: Ẹ wo òwú tó so mọ́ bọ́ọ̀lù. Ara abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ ti máa jáde. Bó bá ń ti ọwọ́ òsì jáde, ẹ yí iṣẹ́ náà padà kí ẹ tó hun ojú kan ṣoṣo. Bí àwọn ìbejì bá sì ti fa abẹ́rẹ́ yọ kí ẹ tó dé, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ju tiyín lọ kó ojú wọn padà, torí ó máa ń wọlé wẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi tiyín hun ìlà tó kàn.